Wọ́n Ní Kí N Mú Ọ̀kan

Ọmọ aládùúgbò wa kan wà níbí ní Adátán, l'Ábẹ́òkúta, ọmọ ọdún 19 ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi ní bàráńdà níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní Àǹtí ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo nǹkan yìí, mo nu ọwọ́ mo gbà á, àfi bí mo ṣe rí i pé pọ́tálì tí wọ́n fi ń gba èèyàn sí iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ nọ́ḿbà NIN, ó ní òun ti fẹ̀yìn ti ògiri kí àbúrò òun fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí orí òun dé, wọ́n ní obìnrin tó bá fẹ́ wọlé ò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.64 lọ, òun sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Ó ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá gbé òun kọjá ní Eléwéeran tí òun bá rí àwọn obìnrin tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, òun máa ń yíjú wò wọ́n títí wọ́n á fi kúrò lójú òun. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Ló bá bi mí: "Àǹtí, ẹ̀yin náà ti ṣe ọlọ́pàá rí nílùú òyìnbó, kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fi í sílẹ̀?"

Mo parọ́ fún un. Mo ní torí pé ara màámi ò yá ni mo ṣe wálé. Òótọ́ ni pé ara màámi ò yá, ṣùgbọ́n mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 7 gbáko kí wọ́n tó pè mí pé ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ọmọ yẹn dúpẹ́, ó ní Ọlọ́run á wo màmá sàn, ó lọ, èmi jókòó síbẹ̀ ẹ̀wà ò ṣeé ṣà mọ́. Irọ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọdún 9 ni mo fi wọ yúnífọ́ọ̀mù nílùú ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa bí 30 la jọ máa ń wọlé pọ̀ tí a jọ máa ń ṣíwọ́ pọ̀, èèyàn dúdú méjì péré ló wà nínú wa, èmi àti ọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ wá láti Jàmáíkà, obìnrin dúdú wá jẹ́ èmi nìkan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ gba ẹrù, fìlà wọn ò gba irun tí mo dì, ọkùnrin tó ń pín ẹrù fọwọ́ gbé irun mi sókè bí ẹni tó ń wo ìrù ẹran lọ́jà, kò bi mí kó tó fọwọ́ kàn mí, ó wá yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ó ní kí ni kí àwọn ti ṣe èyí báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Torí ọjọ́ àkọ́kọ́ mi ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí inú máa ń bí mi ju ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ lọ.

Lójú títì ńkọ́. Bàbá òyìnbó kan pe ọlọ́pàá pé wọ́n fọ́ fèrèsé òun, mo kan ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá ń yọjú lé èjìká mi bóyá ọlọ́pàá gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ló wà lẹ́yìn mi, kò tíì pé oṣù 8 lẹ́nu iṣẹ́, òun ni bàbá yẹn bá sọ̀rọ̀ títí tá a fi kúrò ńbẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni tàwọn ọmọ dúdú tiwa. Wọ́n á ní mo ti ta ara mi fún òyìnbó, wọ́n á pè mí lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí, àwọn ìyá wọn tó yẹ ká jọ kí ara wa á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń kọjá. Mi ò bá wọn jà. Mo mọ nǹkan tí ojú wọn ti rí lọ́wọ́ àwọn tó wọ irú aṣọ tí mo wọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà sí tésàn, àwọn tá a jọ wọ aṣọ kan náà ò kà mí kún ara wọn, tí mo bá jáde, àwọn tá a jọ ní àwọ̀ kan náà ò kà mí kún ara wọn, èèyàn á kàn máa rìn bí ẹni tí kò nílé.

Mo fẹ́ sọ ti ọ̀gá yẹn báyìí, mo ti ń sá fún un láti òkè.

Ọ̀gá kan wà tó máa ń yan ẹni tó máa bá a jókòó nínú mọ́tò lóru. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní òun ti gbọ́ pé obìnrin dúdú gbóná, òun ò tíì tọ́ ọ wò rí. Mo dákẹ́. Ó ní mi ò mọ ẹ̀fẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, aago méjì òru ti kọjá, òjò ń rọ̀, a páàkì sẹ́yìn ilé ìtajà kan tó ti tì, ó gbé ọwọ́ lé itan mi. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Ó tún gbé e padà. Mo ṣílẹ̀kùn mo bọ́ sílẹ̀ nínú òjò, mo fẹsẹ̀ rìn dé tésàn, ó tó 40 mínítì, rédíò wà léjìká mi, mi ò lè fi pe ẹnikẹ́ni torí ta ni kí n pè, òun náà ló ń gbọ́ rédíò yẹn. Nígbà tí oṣù yí po, gbogbo ìgbà tí mo ń wọṣẹ́ ti yí padà, òru ṣáá, Sátidé ṣáá, wọ́n tún kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé mo jẹ́ oníbìínú. Oníbìínú! Èmi tí mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń fa irun mi.

Mo lọ fi ẹjọ́ sùn. Obìnrin òyìnbó kan ló gbà mí lálejò, obìnrin tó ní ojú àánú, ó fún mi ní tíì, ó fetí sílẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù jáde. Ó wá bi mí pé ẹ̀sùn mi yìí, ṣé torí pé mo jẹ́ dúdú ni àbí torí pé mo jẹ́ obìnrin? Mo ní méjèèjì. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá kó méjèèjì pọ̀ ẹjọ́ náà á lọ́jú, á sì pẹ́, ó máa dáa kí n mú ọ̀kan, èyí tó bá lágbára jù. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń ronú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó po àmàlà, ẹ lè ní kó yọ èlùbọ́ lọ́tọ̀ kó yọ omi lọ́tọ̀? Ọkùnrin yẹn ò sọ pé òun fẹ́ tọ́ obìnrin wò, kò sì sọ pé òun fẹ́ tọ́ èèyàn dúdú wò. Obìnrin dúdú ló pè mí. Ẹnu kan náà ló fi sọ ọ́, ọwọ́ kan náà ló gbé lé mi.

Mo mú obìnrin. Wọ́n wá pe àwọn obìnrin yòókù nínú wa, òyìnbó ni gbogbo wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí, èèyàn dáadáa ni, ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò ṣe é fún wọn! Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi kú sí. Ká ní àwọ̀ ni mo sì mú, ọmọ Jàmáíkà yẹn ni wọn ì bá pè, òun àti ọ̀gá yẹn jọ máa ń mu ọtí lọ́jọ́ Jímọ̀, òun náà ì bá sọ òótọ́ tiẹ̀ pé ọwọ́ ò kan òun rí.

Nígbà tó yá ni mo wá kà nípa Kimberlé Crenshaw, obìnrin dúdú tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin l'Amẹ́ríkà, ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1989, ọdún yẹn mo ṣì ń jẹ mọ́ínmọ́ín ọmọ iléèwé. Ó mú ẹjọ́ kan jáde tí àwọn obìnrin dúdú 5 pe General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, tí kóòtù dá ní 1976. Wọ́n ní iléeṣẹ́ yẹn kì í gba obìnrin dúdú tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n wá fẹ́ dá èèyàn dúró, wọ́n ní àwọn tó dé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ lọ, àwọn obìnrin dúdú ló sì dé kẹ́yìn. Kóòtù ní ti obìnrin kọ́ nìyí, ṣebí iléeṣẹ́ náà ti ń gba obìnrin tipẹ́, àwọn obìnrin òyìnbó. Ti àwọ̀ wá ńkọ́, kóòtù ní kí wọ́n lọ darapọ̀ mọ́ ẹjọ́ tí àwọn dúdú mìíràn ti pè. Pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀, kóòtù ò gbà. Mo ka ibẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, mo bú sẹ́kún nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì mí rò pé mo gbọ́ òkú ni.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti rìn níbẹ̀ ṣáájú mi. Sislin Fay Allen, ọmọ Jàmáíkà, nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀ ní Croydon, òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe ọlọ́pàá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1968. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jáde sí títì àwọn oníròyìn ń sá tẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń wo egúngún. Àwọn èèyàn kọ lẹ́tà èébú sí i. Ó ṣe é fún ọdún bíi mẹ́rin, nígbà tó di 1972 ó kó ẹbí ẹ̀ padà sí Jàmáíkà, ó sì lọ ṣe ọlọ́pàá níbẹ̀. Ó kú ní July 2021. Mo máa ń rò ó pé ta ló máa ń bá sọ̀rọ̀ tó bá dé ilé lálẹ́, tó bọ́ bàtà.

Lẹ́yìn tí mo ti wálé ni ìwé tí Louise Casey, obìnrin tí wọ́n ní kó yẹ iṣẹ́ wọn wò, kọ lórí ọlọ́pàá London jáde, March 2023. Ó ní àwọn ọlọ́pàá yẹn ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n ń kórìíra obìnrin, kì í sì í ṣe ti ẹnì kan méjì, inú ètò iṣẹ́ náà gan-an ló wà. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn síta ni 1999, nínú ìwé tí adájọ́ Macpherson kọ lórí ikú Stephen Lawrence, ọmọkùnrin dúdú tí àwọn òyìnbó kan gún pa ní London, ẹ ẹ̀ rí i pé ọdún 24 ló wà láàárín. Casey ní nínú 100 ọlọ́pàá London, 82 ló jẹ́ òyìnbó, 71 ló jẹ́ ọkùnrin. Ó tún ní àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ń rí ara wọn níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ju òyìnbó lọ, ó fi ìdá 81 nínú 100 jù ú lọ. Mo kà á, mo rántí "oníbìínú" tí wọ́n kọ sí fáìlì mi. Èyí tó wá mú mi dìde lórí àga ni ti fíríìjì, àwọn fíríìjì tí wọ́n ń kó ẹ̀rí ara àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ sí, wọ́n kún àkúnya, òmíràn ti bàjẹ́, wọ́n tiẹ̀ bá àwo oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan nínú ọ̀kan. Àwo oúnjẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí obìnrin tó ti sunkún títí kó tó gbà kí wọ́n gba nǹkan yẹn lára òun.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti Bibaa Henry àti Nicole Smallman, torí mi ò lè pẹ́ lórí ẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n, dúdú, ẹnì kan pa wọ́n nínú pápá kan ní London ní June 2020. Ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ òkú wọn ló ya fọ́tò wọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n sọ wọ́n sẹ́wọ̀n ní December 2021. Ìyá àwọn ọmọ yẹn, Mina Smallman, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kiri látìgbà náà máa ń jẹ́ kí n dìde tí mo bá ń gbọ́ ọ.

Ti Child Q ni mo fẹ́ kí ọmọ Adátán yìí mọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é kí wọ́n má bàa dárúkọ ẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún 15 ni, dúdú, iléèwé ẹ̀ ní Hackney, ní London, pe ọlọ́pàá ní December 2020 pé àwọn ń gbóòórùn igbó lára ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá obìnrin mú un wọ yàrá, wọ́n bọ́ aṣọ lára ẹ̀ pátá, ọmọ náà ń ṣe nǹkan oṣù ẹ̀ lọ́wọ́, kò sí òbí ẹ̀ níbẹ̀, kò sí àgbàlagbà kankan tó dúró fún un. Wọn ò rí nǹkan kan. Ìwé tó jáde lórí ẹ̀ ní 2022 ní ó jọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní 2025, wọ́n lé méjì nínú wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé torí àwọ̀ ọmọ náà ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe ò dáa, torí kí ni wọ́n ṣe wá ṣe é, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ò ti dọ́gba. Ṣé ẹ rí i? Mú ọ̀kan.

Nǹkan tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn kì í ṣe tuntun sí mi nínú ilé wa. Ìyá tó bí màámi, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ọdún 1918 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí nílẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin náà, ọmọbìnrin tó bá ti pé 15 máa san, ọmọkùnrin ní tiẹ̀ di 16 kó tó san. Ta ló wá mọ ọjọ́ orí ẹni nígbà náà tí kò sí ìwé? Ṣe ni wọ́n máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin, kí wọ́n lè wò ó bóyá ọmú ẹ̀ ti gún. Màmá àgbà jẹ́ ọmọ bíi 14 sí 15 nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn gbóná. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá wọn tì wọ́n sí ẹ̀yìn àwọn ìkòkò aró, wọ́n kó aṣọ tútù lé wọn lórí, wọ́n ní kí wọ́n má mí, aró ń kán sí wọn lójú, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin ilé kejì ò ríbi sá sí. Màmá àgbà ò sọ ìyókù fún mi rí, tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ wọ́n á máa fi ọwọ́ pa wérápà wọn mọ́lẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yí padà.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ Béere, Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, kì í fi í ṣe orúkọ inú ìwé nílé wa. Ní òpin ọdún 1947 tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí ààfin ní Aké, tí wọ́n sùn síbẹ̀ tí wọ́n ń kọrin, ìyá màmá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá. Béere ti kọ́ àwọn obìnrin náà ní nǹkan tí wọ́n máa ṣe tí ọlọ́pàá bá ju tíágáàsì. Wọ́n fagi lé owó orí obìnrin, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, àwọn ìyá wa ò mú ọ̀kan. Òyìnbó àjẹ́lẹ̀ tó ń lo ọba, àti àwọn ọkùnrin tó ń tú aṣọ ọmọ wọn, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pe gbogbo wọn.

Mo wá délé. Mo rò pé ọ̀kan ti kúrò lórí mi báyìí, torí gbogbo wa la jọ dúdú. Òótọ́ ni, ó kúrò, ara tù mí lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé, mo lè rìn láti Sápọ́n dé Kútọ̀ kí ẹnikẹ́ni má wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọdún kejì tí mo dé wọ́n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, mo lọ sí tésàn láti gba bẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Madam, obìnrin kì í gba bẹ́ẹ̀lì. Ẹ lọ pe dádì wá." Mo ní dádì wo? Ó ní ọkọ yín, tàbí ọkùnrin yòówù nínú ẹbí. Mo sọ fún un pé mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún 9, mo ní òfin kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, ACJA, òfin tó wà fún ẹjọ́ ọ̀daràn, abala 167, ó ní wọn ò gbọdọ̀ kọ èèyàn ní onídùúró torí pé ó jẹ́ obìnrin. Ó ní ìyẹn fún àwọn ará Àbújá. Ó ní kí n má fi gírámà dà á láàmú. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin, mo fi ọdún 14 jù ú lọ, èmi ni mo san owó iléèwé ẹ̀, ó ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ wá, bàtà sílípáàsì ló wọ̀, ó fọwọ́ sí ìwé, kò tó mínítì 10, wọ́n tú ọmọ sílẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ọ̀gá mi.

Ọlọ́pàá obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ nǹkan sínú ìwé ńlá, kò gbórí sókè títí a fi ṣetán. Nígbà tí mo dé gééètì ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní Mọ́mì ẹ má bínú, òun mọ òfin yẹn, òun ò kàn lè sọ̀rọ̀ ni. A dúró ní ìdí igi kan. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun fẹ́ fẹ́ ọkọ òun, òun kọ lẹ́tà lọ tọrọ àyè, òun kọ orúkọ ọkùnrin náà, àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ọ̀gá lè wádìí bóyá ìwà ẹ̀ dáa. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo lọ wò ó, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, nínú òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá tọdún 1968, nọ́ḿbà 124: obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lọ́kọ máa kọ́kọ́ tọrọ àyè, ó sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí irú ẹ̀ fún ọkùnrin. Kóòtù kan l'Ékòó ti ní kò bófin mu láti 2012. Nọ́ḿbà 127 nínú òfin tọdún 1968 yẹn tún sọ pé tí obìnrin ọlọ́pàá tí kò tíì lọ́kọ bá lóyún, kí wọ́n lé e. Wọ́n sì lò ó, ní January 2021 wọ́n fi lé ọmọbìnrin kan níṣẹ́ l'Ékìtì, oyún wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin tó fún un lóyún, ká ní ọlọ́pàá ni, á lọ síṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó dáa, torí tí mi ò bá sọ ọ́ mo tún ti parọ́. Ní òru ọjọ́ kan nílùú yẹn, obìnrin kan wọlé sí tésàn, ó wé gèlè bò ojú kan, ó jókòó. Wọ́n ní ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì rí, wọ́n á bi í ní ìbéèrè, á ní òun ṣubú, á lọ. Mo wo bó ṣe di gèlè yẹn, mo bá jókòó tì í, mo ní "Ẹ kú òru mà, ẹ pẹ̀lẹ́." Ó wo aṣọ mi, ó wo ojú mi, ó tún wo aṣọ mi. Ó wá dì mọ́ mi, ó ní "Ṣé Yorùbá ni ọ́?" Ará Ìjẹ̀bú ni. Ó sọ gbogbo nǹkan tí ọkọ ẹ̀ ń ṣe fún un fún mi láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi mọ́, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kà á fún un padà ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Ọkùnrin náà ṣẹ̀wọ̀n. Ọ̀gá tó gbé ọwọ́ lé mi nítan ló bu ọwọ́ lu ìwé ẹjọ́ yẹn.

Àná mo pe ọmọ yẹn. A jókòó sí bàráńdà, mo ní irọ́ ni mo pa fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, má bínú, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ti fìlà, ti mọ́tò, ti òjò, ti fọ́ọ̀mù, ti màmá àgbà, ti obìnrin Ìjẹ̀bú. Kò dá sí i. Ìgbà tí mo parí ó ní "Ọ̀gá yẹn, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?" Mo ní ó wà. Mo ní wọ́n ti gbé e ga. Ó wolẹ̀, ó fi ọwọ́ ń fa okùn bàtà ẹ̀, ó dìde, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Mo rò pé mo ti bà á lẹ́rù nìyẹn, inú mi ò dùn sí i, mi ò sì kábàámọ̀.

Láàárọ̀ yìí kí n tó gbálẹ̀ tán, ó ti dé. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ó ku ibì kan tí òun ò tíì kọ sí, ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣe òun. Mo ní ṣebí màmá ẹ wà níbẹ̀. Ó ní "Màámi á kàn máa sunkún ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ máa bi wọ́n." Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ka nọ́ḿbà mi fún un, ó tẹ̀ ẹ́, mo ní kó kà á padà sí mi létí.